Eruku Wà Nínú Gálásì Tó Rí Bí Ẹyin

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àpilẹ̀kọ yín lórí àwọn gálásì, ìyẹn àwọn agbo ìràwọ̀ ńláńlá tí oòrùn wa wà nínú ọ̀kan lára wọn, inú mi sì dùn pé ìwé ìròyìn Yorùbá ya odindi ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ni mi ò lè gbójú fò. Òǹkọ̀wé yín ní àwọn gálásì tó rí bí ẹyin, èyí tí kò ní apá tó ká bí ìkarahun ìgbín, kò ní eruku kankan nínú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ èmi náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tí a lè rí láti ilẹ̀ wa níbí. NGC 5128 ni àwọn onímọ̀ ń pè é, wọ́n tún ń pè é ní Centaurus A. Onímọ̀ ìràwọ̀ James Dunlop ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ní Parramatta, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, lọ́dún 1826. Ìmọ́lẹ̀ tó kúrò níbẹ̀ máa ń rin ìrìn nǹkan bíi mílíọ̀nù 12 ọdún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá ń gbé ìlú London kò lè rí i láéláé, nítorí kì í yọ lójú ọ̀run tiwọn, ṣùgbọ́n tiwa yàtọ̀. Lóṣù Karùn-ún ọdún tó kọjá, nígbà tí aago mọ́kànlá alẹ́ ń lọ lù, mo dúró lẹ́yìn abà kan nítòsí Ìsẹ́yìn lẹ́yìn tí òjò ti fọ ojú ọ̀run mọ́, mo gbé awò olójú méjì sójú, mo kọjú sí gúúsù, mo sì rí i bàìbàì, bí ìgbà tí ẹni tó fọwọ́ kan ẹfun bá tún fi ìka kan aṣọ dúdú. Awò tèmi kò lágbára tó láti fi ohun tó kù hàn mí. Nínú fọ́tò ni ènìyàn ti ń rí i pé ọ̀já dúdú kan gba agbedeméjì rẹ̀ kọjá, bí èyí tí ìyá ọmọ fi ń pọnmọ. Eruku ni ọ̀já yẹn.

Kì í ṣe irú eruku tí à ń gbá nílé o. Èéfín àtùpà ló jọ jù, nítorí ọ̀pọ̀ hóró rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú 1,000 mìlímítà, èròjà èédú àti ti òkúta ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ibi tó ti wá gan-an ló dùn mọ́ mi jù. Sátẹ́láìtì Einstein, tí wọ́n fi ránṣẹ́ lọ́dún 1978, fi ìtànṣán X-ray hàn pé gáàsì tó gbóná tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló kún inú ọ̀pọ̀ gálásì ẹlẹ́yin ńláńlá. Eruku tó bá bọ́ sáàárín irú gáàsì bẹ́ẹ̀, ńṣe ni àwọn átọ̀mù gbígbóná á máa gbá a, tí wọ́n á máa họ ọ́ títí yóò fi tán, kò sì ní ju mílíọ̀nù 100 ọdún lọ. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ inú wọn ti lé ní bílíọ̀nù mẹ́wàá ọdún. Eruku tí a ń rí níbẹ̀ lónìí kò lè jẹ́ èyí tó ti wà níbẹ̀ látìgbà ìwáṣẹ̀. Àlejò ni, tàbí kó jẹ́ pé àwọn ìràwọ̀ tó ń darúgbó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u jáde ni. Ní ti NGC 5128, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ Walter Baade àti Rudolph Minkowski ti dábàá lọ́dún 1954 pé gálásì ẹlẹ́yin àti oníká, ìyẹn èyí tí apá rẹ̀ ká bí ìkarahun ìgbín, ló kọlu ara wọn. Lóde òní, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹlẹ́yin ló gbé ìkejì mì. Mo fara mọ́ ọn, pàápàá nítorí pé nínú àwọn kan lára irú gálásì báyìí, gáàsì àti eruku ń yí lọ sí òdìkejì ibi tí àwọn ìràwọ̀ ń yí sí. Ọmọ bíbí inú ilé kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀.

Èyí tó hàn sójú gan-an kò tó nǹkan. Sátẹ́láìtì IRAS lọ sókè lọ́dún 1983, ó sì gba ìtànṣán ooru lára eruku tó tutù dé nǹkan bíi −240 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀, eruku tó wà nínú àwọn gálásì ẹlẹ́yin bẹ́ẹ̀ sún mọ́ ìlọ́po mẹ́wàá èyí tí òjìji dúdú fi hàn. Ìyókù fọ́n káàkiri láàárín àwọn ìràwọ̀, kò ní ààlà tí ojú lè dá mọ̀. Ewu rẹ̀ ni pé eruku máa ń sọ ìmọ́lẹ̀ di pupa, ọjọ́ ogbó náà a sì máa sọ gálásì di pupa, ẹni tí kò bá ka eruku kún lè bu ọjọ́ orí tí kì í ṣe tirẹ̀ fún un. Lọ́dún 1986, Robert Evans, pásítọ̀ ará Ọsirélíà tó fi wíwo ojú ọ̀run ṣe ìgbafẹ́, rí ìràwọ̀ kan tó bú gbàmù nínú ọ̀já NGC 5128 yìí. Eruku ti bo ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ débi pé wọ́n ní láti kọ́kọ́ yọ ìpín eruku kúrò kí wọ́n tó lè fi ṣírò ohunkóhun.

Mo bẹ̀ yín, ẹ bá wa tún gbólóhùn yẹn ṣe nínú ẹ̀dà tó ń bọ̀. Bí àyè bá wà, ẹ tẹ fọ́tò NGC 5128 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ má sì dín in kù débi tí ọ̀já náà kò ní hàn.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Láti Ìsẹ́yìn