Lẹ́tà Ẹ̀sùn: Ìbọn Mi Dà?

Sí ọ̀gá àgbà ẹ̀ka àtúnṣe,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé ni mo ṣe kí yín, kì í ṣe pé mo rí iṣẹ́ kankan tí ẹ ṣe.

Nọ́mbà ẹ̀sùn mi wà lọ́wọ́ yín. Mẹ́rin ló tiẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, torí ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé bí mo bá pè, ẹ ó ṣí tuntun fún mi, àfi bí ẹni pé ìbọn mẹ́rin ni mo fi ránṣẹ́. Ẹ wo àkọsílẹ̀ yín. Ohun tó ṣe ìbọn náà wà níbẹ̀, mi ò ní máa tún un rò bí ẹni ń rò ẹjọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣáà sọ díẹ̀ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ yín: ìbọn eré ìdárayá tí mo fi ń yin àmì ní 50 mítà dún fúnra rẹ̀ bí mo ṣe ń ti ọta wọlé, ìka mi ò sì sí nítòsí tírígà. Torí pé òkìtì iyẹ̀pẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ kọjú sí, iyẹ̀pẹ̀ nìkan ni ọta bà. Mo pè yín lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ ní kí n fi ránṣẹ́, ẹ ní ọ̀sẹ̀ 3 ni yóò gbà. Ó di ọ̀sẹ̀ 14 lónìí.

Mi ò bínú nítorí tírígà. Irin ni, irin a sì máa bàjẹ́. Ká ní ìbọn ọ̀hún dé padà ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún tàbí ìkẹfà, pẹ̀lú "ẹ má bínú" kan péré, ìyìn ni ǹ bá máa yìn yín káàkiri ẹgbẹ́ wa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni mo ń kọ lẹ́tà yìí lé lórí.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin mo pè, ẹ ní ó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tún un ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ẹni tó ń tún un ṣe ní kò tíì kúrò nílé ìkẹ́rùsí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ilé ìkẹ́rùsí ní àwọn ò rí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ sójú rí, bẹ́ẹ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ yín wà lórí fóònù mi títí di ìsinsìnyí: "A ti gba ìbọn yín. Ẹ ṣeun tí ẹ yàn wá." Ọ̀sẹ̀ keje ló wá dùn jù. Ẹ ní ẹ ti tún un ṣe tán, pé irin tí ẹ fẹ́ fi tún un ṣe nìkan lẹ ń dúró dè. Mo bi ọkùnrin tó gbé fóònù bóyá mo gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní mo gbọ́ ọ dáadáa.

Gbogbo wọn ló sì máa ń fi gbólóhùn kan náà dá mi lóhùn kí wọ́n tó gbé fóònù sílẹ̀: "A ó pè yín padà láàárín wákàtí 48." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa igi sẹ́yìn kàlẹ́ńdà mi, igi kan fún ìlérí kan. Ó ti di igi 9. Ìpè kan ṣoṣo ló wọlé láti ọ̀dọ̀ yín nínú gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn. Ayọ̀ ni mo fi sáré gbé e, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ọmọbìnrin kan ni, ó ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àpò ìbọn tuntun dé, pé ṣé mo máa rà á. Ìbọn mi wà lọ́wọ́ yín, ẹ wá ń polówó àpò tí mo máa fi gbé e fún mi.

Mo gbé ìyẹn náà mì. Wọ́n ní sùúrù ni baba ìwà. Lọ́dọ̀ tèmi, baba ọ̀hún ti di arúgbó, igi ló fi ń rìn.

Àmọ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kẹwàá, ìyẹn ò ṣeé gbé mì. Ẹ máa ń sọ pé ẹ ń gba ohùn sílẹ̀ "kí iṣẹ́ wa lè dára sí i." Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ gbọ́ ti ọjọ́ náà, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ láàárọ̀. Mo kí ọmọkùnrin yín. Mo sọ orúkọ mi, mo ka nọ́mbà ẹ̀sùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń gbọ́ tó ń rún nǹkan lẹ́nu. Nígbà tí mo kà á tán, ó gbé e mì, ó ní: "Màmá, kí lẹ tiẹ̀ fẹ́ fi ìbọn ṣe gan-an?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ìbọn! Mo dákẹ́ díẹ̀, mo ní ohun tí ẹ tà á fún náà ni mo ń fi í ṣe. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn náà rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ó ti ṣí ohùn mi síta fún gbogbo ọ́fíìsì. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe ti ọkọ yín ni? Ẹ ní kí bàbá fúnra wọn pè wá."

Orúkọ mi ló wà lórí ìwé àṣẹ. Orúkọ mi ló wà lórí rìsíìtì. Ó pé ọdún 11 tí mo ti ń yin àmì. Ọkọ mi ò mọ̀ ju kó mú àga lọ sí ẹ̀yìn okùn ní pápá, kó fi nǹkan dí etí, kó máa ka ìwé ìròyìn tirẹ̀. Mo sọ gbogbo èyí fún ọmọ yìí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, mo wá ní kó fún mi ní ọ̀gá rẹ̀. Ibẹ̀ ni "ẹ" ti di "o" lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé o gbọ́ ohun tí mo sọ ni? Mo ní wọ́n máa pè ẹ́!" Ó sì gé e.

Ọmọ tí mo lè bí. Kì í ṣe pé mi ò tíì gbọ́ "o" rí láyé mi, àmọ́ mi ò tíì sanwó kí wọ́n tó sọ ọ́ sí mi rí. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Ẹ bá mi dúpẹ́ pé ọ̀dọ̀ yín ni ohun tí mo lè yọ wà.

Ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ dùn bí oyin gba ẹjọ́ náà. Mo ti ń rò pé ìdáǹdè dé. Ó ní kí àwọn tó tẹ̀ síwájú, kí n ki ọta sínú ìbọn náà, kí n tì í, kí n fi fóònù ya fídíò bó ṣe ń dún fúnra rẹ̀, kí n wá fi ránṣẹ́. Ó ní "ní pálọ̀ yín náà kò burú." Mo bi í pé ìbọn wo, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ yín ló wà. Ó ní hẹ̀n-ẹ́n. Ó ní wọ́n máa pè mí padà.

Ẹ tiẹ̀ fi ti pé ìbọn ò sí lọ́wọ́ mi sílẹ̀ ná. Ìwé kékeré tí ẹ máa ń fi sínú páálí, ẹ tẹ òfin mẹ́rin sí ojú ewé àkọ́kọ́, pẹ̀lú lẹ́tà pupa. Ka gbogbo ìbọn sí èyí tí ọta wà nínú rẹ̀. Má kọ ẹnu rẹ̀ sí ohun tí o kò fẹ́ bà jẹ́. Má fi ìka kan tírígà títí ìbọn rẹ yóò fi dojú kọ àmì. Mọ ohun tí o fẹ́ yìn àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ wa máa ń há a sórí kí a tó jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ohunkóhun. Òṣìṣẹ́ yín wá ní kí n ki ọta sínú ìbọn tó ń dún fúnra rẹ̀, ní pálọ̀, níbi tí lẹ́yìn ògiri ti jẹ́ yàrá ẹlòmíràn. Ṣé òun ò tíì ka ìwé yín ni, àbí àwa oníbàárà nìkan lẹ tẹ̀ ẹ́ fún?

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ti kọjá ẹ̀rín. Ìbọn kì í ṣe fóònù tó sọnù tí èèyàn á lọ ra òmíràn. Nọ́mbà tí wọ́n gbẹ́ sára irin rẹ̀ ni wọ́n kọ sórí ìwé àṣẹ mi, nọ́mbà kan fún ìbọn kan, orúkọ mi lókè. Ẹni tí ìwé àṣẹ bá wà lórúkọ rẹ̀ ni wọ́n máa bi léèrè ibi tí ìbọn wà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ẹni tó ń yẹ ìbọn wò láti ọ́fíìsì ìwé àṣẹ wá sílé mi. Mo ṣí àpótí irin fún un. Agolo òróró, aṣọ ìnuǹkan, ọ̀pá tí a fi ń fọ inú ìbọn, àyè gbọọrọ láàárín wọn. Ó wo inú rẹ̀, ó wo ojú mi. Mo mú ìwé pélébé tí ẹni tó gbé ẹrù lọ fún mi wá, èyí tí òṣìṣẹ́ yín buwọ́ lù nígbà tó gbà á. Ó gbé e sókè síbi iná bí ẹni ń yẹ owó ayédèrú wò. Ó ní kò tó. Ó fún mi ní ọjọ́ 21 láti mú ìwé wá láti ọ̀dọ̀ yín pé ìbọn tó ní nọ́mbà báyìí wà níkàáwọ́ yín.

Mo kọ ímeèlì sí yín lọ́jọ́ náà. Ìwé kan ṣoṣo ni mo tọrọ, ìlà méjì. Ohun tí ẹ fi dá mi lóhùn ni pé kí n fún iṣẹ́ yín ní ìràwọ̀, láti 1 dé 5. Mo fún yín ní 1. Mo wá òdo títí, mi ò rí i.

Ohun tí ẹ sì gbà lọ́wọ́ mi nínú eré ìdárayá yìí, ìyẹn ò sí nínú rìsíìtì. Òrùka àárín lórí àmì 50 mítà, èyí tó ní máàkì mẹ́wàá, fífẹ̀ rẹ̀ ò ju mílímítà 10.4 lọ, ó kéré sí èékánná àtàǹpàkò mi. Ọdún méjì ni mo fi kọ́ bí a ṣe ń tẹ tírígà láì jẹ́ kí ìbọn mì. Lálaalẹ́ ni mo máa ń yẹ ìbọn náà wò lẹ́ẹ̀mejì pé kò sí ọta níbẹ̀, kí n dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí n ní kí ẹnì kan gbé ẹyọ owó sórí ẹnu rẹ̀, kí n wá tẹ̀ ẹ́. Bí owó bá jábọ́, ọwọ́ mi ló gbọ̀n. Ọ̀sẹ̀ 14 ni ìka mi ti ń jókòó lásán. Ìdíje ẹgbẹ́ wa, ọta 60, ìbọn àyálò ni mo fi yìn ín, ìdí rẹ̀ gùn ju èjìká mi lọ, ó ń ti gbogbo ọta mi sósì. Ipò tí mo gbà, mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́. Láàárín ọjọ́ 7 tí lẹ́tà yìí bá dé ọwọ́ yín, kí ìwé kan ti wà lọ́wọ́ mi, nọ́mbà ìbọn mi nínú rẹ̀, ibi tó wà, ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí èèyàn tó lórúkọ sì buwọ́ lù ú. Kí ẹ sọ ọjọ́ tí yóò padà dé, kó jẹ́ ọjọ́, kó má jẹ́ "láìpẹ́." Ìbọn tèmi gan-an ni o. Ẹ má ṣe mú òmíràn tó jọ ọ́ fún mi kẹ́ ẹ ní "bákan náà ni." Nọ́mbà míì, ìbọn míì nìyẹn, mi ò sì ní ìwé àṣẹ rẹ̀, ó yẹ kí ẹ̀yin gan-an mọ ìyẹn jù mí lọ. Kí ọmọkùnrin ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn sì kọ ìwé àforíjì sí mi fúnra rẹ̀, kó lo "ẹ" láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Bí ọjọ́ 7 bá pé tí mi ò rí nǹkan, ní ọjọ́ kẹjọ, màá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá àti ọ́fíìsì ìwé àṣẹ, màá fi tó wọn létí pé ìbọn kan tó wà lórúkọ mi ti di àwátì. Wọ́n á bi mí pé ta ló gbà á kẹ́yìn, màá sì fi ìbuwọ́lù òṣìṣẹ́ yín hàn wọ́n. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń tẹ̀ lé e fún ẹni tó ń fi ìwé àṣẹ ta ìbọn: wọ́n á ṣí ìwé àkọsílẹ̀ yín, wọ́n á máa ka ohun tó wà nílé ìkẹ́rùsí lọ́kọ̀ọ̀kan, nọ́mbà sí nọ́mbà. Mo ti bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Ẹ lè pè é ní ìhàlẹ̀ tó bá wù yín, àmọ́ tí mi ò bá lọ sọ, èmi ni òfin máa mú.

Ẹ má pè mí mọ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé.

Èmi ni oníbàárà yín, fún ọjọ́ 7 sí i.

Àfikún: Àpò ìbọn yẹn, mi ò rà.