Ẹ̀yin Tí Ẹ Máa Ń Sọ̀ Kalẹ̀ Ní Fájuyì

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Adó, ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìjerò, àti ẹ̀yin tí ẹ ti rékọjá sí Èkó,

Mo wọ takisí lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní Fájuyì lòun ti máa bọ́ọ́lẹ̀. Mo bi í léèrè pé ta ni Fájuyì. Ó ní gómìnà tó bá àlejò rẹ̀ kú n'Íbàdàn ni. Kò purọ́. Àmọ́ ibẹ̀ ló ti dákẹ́, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ yín ń dákẹ́ sí. Ọjọ́ kan ṣoṣo, 29 oṣù Keje 1966, tí àwọn sójà pa òun àti àlejò rẹ̀, Ironsi olórí ìjọba ológun, ti gbé ọdún 23 tó fi ṣe sójà mì.

Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ yẹn sílẹ̀ lónìí. Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀. Ìwé iṣẹ́ ológun rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi ṣí.

Adó yìí ni wọ́n bí Adékúnlé Fájuyì sí ní 1926. Tíṣà ni kó tó wọ iṣẹ́ sójà ní 1943, ìsàlẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1951, wọ́n fún un ní British Empire Medal. Ẹ mọ ohun tó fà á? Oúnjẹ. Àwọn sójà ẹgbẹ́ rẹ̀ fárígá nítorí oúnjẹ tí wọ́n ń fún wọn, ó sì wà lára àwọn tó pẹ̀tù sí i. Ẹni tó bá ti gbé bọ́ọ̀dìn rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ kì í ṣe kékeré. Ní 1954, wọ́n rán an lọ kọ́ṣẹ́ ọ̀gá ológun ní ìlú Òyìnbó.

Kóńgò wá dé. Wọ́n gba òmìnira ní 30 oṣù Kẹfà 1960. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹkùn Katanga, níbi tí kọ́pà pọ̀ sí, fi lóun ò bá wọn ṣe mọ́. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kó ọmọ ogun lọ, Nàìjíríà tí òmìnira tirẹ̀ náà ò tíì gbó sì wà níbẹ̀. Ní 1961, Mejọ Fájuyì ló ń darí kọ́ńpìnnì C, ọ̀wọ́ sójà ẹlẹ́sẹ̀ kan nínú bàtálíọ̀nù kẹrin, ní àríwá Katanga. Wọ́n kó sí ibùba. Ẹ fojú inú wò ó: ìbọn ń dún, ẹ ò rí ẹni tó ń yìn ín, gbogbo ojú sì ń wo ẹnì kan ṣoṣo. Ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ jáde. Ìyẹn ni wọ́n torí ẹ̀ fún un ní Military Cross, mẹ́dà ìgboyà.

Ẹ dúró díẹ̀ níbí. Mẹ́dà méjì: ọ̀kan nítorí ó pẹ̀tù sí ìjà inú ilé, ìkejì nítorí ó yọ àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ nínú ewu. Kò sí èyí tí wọ́n torí iye èèyàn tó pa fún un. Bí ẹ bá gbọ́ pé jagunjagun ni ẹnì kan, iye tó pa lẹ máa ń béèrè. Ẹ máa béèrè iye tó kó padà wálé.

Ohun tó jẹ́ ká mọ èyí ni pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ sí ogun Bọ́mà. Ó máa ń sọ pé orí làwọn fi ń ru ẹrù ìjà nínú igbó torí ọ̀nà ọkọ̀ ò sí, pé ọkọ̀ òfurufú ló ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fáwọn. Ìwé ológun rẹ̀ wà nínú àpótí páànù. Ọmọ rẹ̀ gbé e lọ sí ọ́fíìsì kan nítorí owó tó tọ́ sí bàbá. Wọ́n ní kó fi sílẹ̀, kó padà wá lọ́jọ́ Ajé. Ajé yẹn ò dé títí a fi sin bàbá. Lónìí, a ò mọ kọ́ńpìnnì tó wà. Mẹ́dà nìkan ló kù, àwọn ọmọdé sì ti fi ṣeré títí ojú ọba tó wà lára rẹ̀ fi parẹ́.

Bí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá ti ṣe sójà rí, ìbáà jẹ́ ní Laibéríà, ìbáà jẹ́ ní Sàḿbísà, ẹ jókòó tì í. Ẹ bi í pé ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ni wọ́n jẹ, ta ni kò bá wọn bọ̀. Ẹ fi fóònù tí ẹ fi ń ya ijó yẹn gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ìwé rẹ̀ tojú tẹ̀yìn, kí ẹ sì dá a padà sínú àpótí. Bí ọ́fíìsì kan bá ní kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ Ajé, ẹ ní ẹ ó jókòó dè é.

Èmi bàbá yín,
Adó-Èkìtì