Ẹ sọ ti àwọn ẹnjiníà fún wa

Olóòtú àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbàkígbà tí gíríìdì bá dojú dé, ohun tí mínísítà wí àti èsì àwọn oníléeṣẹ́ iná là ń kà. Ó ń dùn mí pé a kì í gbọ́ ìdí tí iná fi ṣòro gbé lọ sọ́nà jíjìn, a kì í sì í gbọ́ orúkọ àwọn tó fi ọpọlọ wọn wá ojútùú sí i.

Edith Clarke wà lára wọn. Maryland ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1883. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ti kú kó tó bàlágà, owó ogún tó kàn án ló fi kàwé. Ní 1919, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gboyè másítà nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná ní MIT, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbà á síṣẹ́ ẹnjiníà. General Electric, iléeṣẹ́ ńlá tó ń ṣe ẹ̀rọ iná, ní kó máa darí àwọn obìnrin tó ń bá àwọn ẹnjiníà ṣe ìṣirò.

Ìṣirò ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Bí wáyà bá gùn jọjọ tí àwọn tó ń lo iná kò pọ̀, fólítì lè ga ní ìparí wáyà ju ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ. Bí iná tí wáyà ń gbé bá sì pọ̀ jù, àwọn jẹnẹrétọ̀ tó yẹ kó máa yí pọ̀ yóò já ara wọn sílẹ̀, òkùnkùn dé nìyẹn. Kéèyàn tó mọ ibi tí ààlà wà, yóò jókòó ti ìṣirò títí ojú á fi ṣú. Clarke ya àwọn ìlà sórí pátákó, ó fi ọ̀pá tó ń yí sí i, èèyàn á kàn yí i, á sì rí ìdáhùn. Ó tọrọ ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀ (patent) lórí rẹ̀ ní 1921, wọ́n fún un ní 1925. General Electric ti wá gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹnjiníà ní 1922. Ní 1926, òun lobìnrin àkọ́kọ́ tó ka ìwé ìwádìí níwájú ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà oníná ní Amẹ́ríkà, lórí ọ̀rọ̀ ààlà yìí gan-an.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Iná Kainji ń gba Jẹ́bà wá sí Òṣogbo lórí wáyà 330 kV, Òṣogbo náà sì ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí gíríìdì wa wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rán akọ̀ròyìn lọ bá àwọn ẹnjiníà ibẹ̀. Kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ bí gbogbo rẹ̀ bá kú, àti ìdí tí wọn kì í fi í lè dá iná padà sí gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì. N ó gé ìròyìn náà lẹ̀ mọ́ ara ògiri kíláàsì.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ kan, Iléṣà