Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì

Gainesville, Florida

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

O kú iṣẹ́ ọmọ o. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí nígbà tí mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́. Ta ló sọ fún ọ pé ìdọ̀tí ni mo wá ń ṣà ní Amẹ́ríkà? Kò kúkú parọ́.

Sátẹ́láìtì kan wà tó ń jẹ́ DebriSat, kílò 56. Kò dé ojú òfuurufú rí. Kí wọ́n lè fọ́ ọ, kí wọ́n sì mọ bí sátẹ́láìtì ṣe ń fọ́ bí nǹkan bá kọ lù ú lókè, ni wọ́n ṣe ṣe é. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, ní Tullahoma, ìpínlẹ̀ Tennessee, wọ́n yìnbọn lù ú. Ọta náà ò ju gíráàmù 570 lọ, àmọ́ kìlómítà 6.8 ló ń sá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mọ́tò tó bá lè sá bẹ́ẹ̀, kó o tó ka ogún, o ti kúrò n'Íbàdàn, o ti wọ Èkó. Wọ́n ti fi fóòmù tẹ́ ara ògiri yàrá tí wọ́n ti yìnbọn náà kó lè gba àfọ́kù dúró. Fóòmù ọ̀hún ni wọ́n kó wá sí yunifásítì ibí.

A ó ya fóòmù ní X-ray, a ó wo ibi tí àfọ́kù há sí, a ó fi ẹ̀mú kékeré yọ ọ́. Èyí tó bá ti tó mìlímítà 2, ó ní nọ́ńbà tirẹ̀. A ó wọ̀n ọ́n, a ó ya fọ́tò rẹ̀, a ó kọ ohun tí wọ́n fi ṣe é sílẹ̀: alumíníọ̀mù ni àbí bàbà, ike ni àbí gíláàsì.

Carbon fibre, ìyẹn fọ́nrán kábọ́ọ̀nù tó fúyẹ́ àmọ́ tó lágbára, ló ń fojú mi rí màbo. Ó dúdú, ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ mú ṣóńṣó. Kì í fọ́ bí irin ṣe ń fọ́, ńṣe ló máa ń là gbọọrọ gbọọrọ. Wàá fà á yọ jẹ́jẹ́, wàá rò pé ẹyọ kan ni, kó o tó gbé e dórí òṣùwọ̀n ó ti di mẹ́ta. Sátẹ́láìtì àtijọ́ tí wọ́n fọ́ lọ́dún 1992 wà lára ohun tí NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, gbé ìṣirò iye àfọ́kù kà, irin ló sì pọ̀ lára ìyẹn. Ìṣirò náà ní àfọ́kù bí 85,000 la máa rí. A ti ṣà ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ! Àwọn sátẹ́láìtì ìsinsìnyí, carbon fibre yìí ló kún ara wọn.

O lè ní kí ló kàn wá nínú ìwọ̀n. Ó kàn wá gan-an. Bí àfọ́kù méjì bá gùn bákan náà, ti irin ló máa dá ihò ńlá sára ohun tó bá kọ lù. Èyí tó fúyẹ́ ńkọ́? Ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó kù lókè yẹn á tètè fà á walẹ̀, ti irin á ṣì máa yí ayé po. Rédà ò sì lè tọpa irú nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀. Má rò pé àròsọ ni o: ní oṣù kejì ọdún 2009, sátẹ́láìtì méjì, Iridium 33 ti Amẹ́ríkà àti Cosmos 2251 ti Rọ́ṣíà, forí sọ ara wọn lókè Sàìbéríà, àwọn méjèèjì sì fọ́ yángá.

Bàbá Ìbejì ní ṣé irú rẹ̀ ò ní já lu òrùlé òun. Sọ fún un pé irú èyí tí mò ń ṣà yìí á ti jóná lókè kó tó délẹ̀. Kó yáa wá kápẹ́ńtà tó máa tún páànù ẹ̀yìnkùlé yẹn ṣe kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Fọ́tò àwọn ọmọ dà?

Èmi ni,
Bọ́lá