Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń wọ SS1, ẹ jókòó ká jọ sọ̀rọ̀ dìpátímẹ́ǹtì

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú orí ire, ẹ kú ìdánwò Junior WAEC tẹ́ ẹ ṣe tán. Mo mọ̀ pé họlidé lẹ wà báyìí, àwọn kan ń bá ìyá wọn jókòó ti ọjà, àwọn kan ò tíì kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì tí aago mẹ́wàá fi lù, ẹ sinmi, ó tọ́ sí yín. Ṣùgbọ́n tí ilé ìwé bá wọlé wọ́n máa gbé fọ́ọ̀mù kan síwájú yín, ojú ewé kan ṣoṣo ni, ibẹ̀ lẹ ti máa máàkì sáyẹ́ǹsì àbí áàtì àbí kọmáṣíà, fọ́ọ̀mù yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn lálẹ́ yìí tí mo fi ń tẹ lẹ́tà yìí sí yín.

Kẹ́mísìrì ni mo fi ọdún 31 kọ́, ọdún 12 nínú ẹ̀ ni mo fi ṣe HOD (olórí dìpátímẹ́ǹtì) sáyẹ́ǹsì. Mo ti fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ tí mo kọ́ ti ń kó ọmọ tiwọn wá kí mi. Ohun kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ kí báírò yín tó kan fọ́ọ̀mù yẹn: ṣọ́ọ̀bù ni dìpátímẹ́ǹtì. Bí ṣọ́ọ̀bù télọ̀, bí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Ẹni tó bá lo ọdún mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, bí ò tiẹ̀ ránṣọ mọ́ láyé ẹ̀, tó bá rí aṣọ lára èèyàn ojú ẹ̀ á ti wọ̀n ọ́n. Nítorí náà ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi ara yín ni pé, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù yìí lójoojúmọ́, kí ló máa fi kọ́ ọwọ́ mi, kí ló máa fi kọ́ ojú mi, kí ló máa fi kọ́ ẹnu mi? Ẹ má bi ara yín pé èwo ni wọ́n máa fi mọ̀ pé orí mi pé.

Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Ilé ìwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́, tí rìsọ́ọ̀tì bá dé, a máa ń to orúkọ láti orí ẹni tó gba máàkì jù wá sílẹ̀, 40 àkọ́kọ́ lọ sáyẹ́ǹsì, àwọn tó tẹ̀ lé wọn lọ kọmáṣíà, èyí tó bá ṣẹ́kù a dà wọ́n sí áàtì. Èmi náà fọwọ́ sí i, ó sì ń dùn mí dòní. Lọ́dún kan, ọmọkùnrin kan wà nínú àwọn tí a dà sí áàtì, ọmọ jẹ́jẹ́, kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, ṣùgbọ́n tí pírátíkà bá ti parí lọ́dọ̀ wa ẹ máa rí i tó ń bọ̀ wá bá wa fọ ìgò ní lábù, kò sẹ́ni tó rán an. Ọjọ́ kan àwọn SS2 ń ṣe titration, ìyẹn wíwá iye ásíìdì tó máa bá álíkálì dọ́gba, ásíìdì wà nínú burette lókè, ọ̀pá gíláàsì onínọ́ńbà tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n ń tì nísàlẹ̀, omi álíkálì tó wà lábẹ́ ẹ̀ ti pọ́n díẹ̀ bí pínkì nítorí phenolphthalein, oògùn tó ń fi àwọ̀ hàn, tí wọ́n kán sí i, ẹ máa jẹ́ kí ásíìdì yẹn máa kán díẹ̀díẹ̀ títí pínkì yẹn á fi lọ, kódà ẹ̀kán kan ṣoṣo ló ń mú un lọ, tẹ́ ẹ bá sáré ẹ ti kọjá ibi tó yẹ. Ọmọ yẹn dúró lẹ́yìn wọn pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọgò lọ́wọ́, ó kàn sọ jẹ́jẹ́ pé "ẹ tì í, ẹ̀kán kan ló kù." Wọ́n tì í, wọ́n kán ẹyọ kan, àwọ̀ sì lọ. Ìgbà mẹ́ta ló sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bọ́ sí i. Ọdún mélòó ni mo ti ń kọ́ni nígbà yẹn, mi ò tíì rí ojú tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo lọ bá ọ̀gá wa, a ṣe àròyé títí, wọ́n gbà kó wá sáyẹ́ǹsì ní tààmù kejì, àwọn tíṣà Máàsì ní dìpátímẹ́ǹtì tiwọn sì fi ọ̀sán kọ́ ọ lóhun tó ti fò ó. Ibi tí wọ́n ti ń yẹ omi wò bóyá ó ṣe é mu ló ń ṣiṣẹ́ báyìí.

Ẹ ò rí i, máàkì ò sọ fún wa pé ọmọ yẹn lójú. Lábù ló sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ń kọ́ni, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Sáyẹ́ǹsì ń kọ́ èèyàn láti kọ ohun tó rí sílẹ̀, kì í ṣe ohun tó fẹ́ rí. Tẹ́ ẹ bá ń ka burette, ẹ máa tẹ̀ ba kí ojú yín bá ìlà omi yẹn dọ́gba, ẹ máa kọ ọ́ dé ẹsẹ méjì lẹ́yìn póìǹtì, 24.50, ẹ ò gbọ́dọ̀ kọ 24.5, ẹ máa tún un ṣe títí ẹ máa fi rí èyí tí wọn ò fi ju 0.20 jìnnà síra, ẹ̀yìn ìyẹn lẹ máa tó wá áfúrééjì. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń wo ìwé ẹnìkejì tàbí kí wọ́n jókòó kí wọ́n hùmọ̀ nọ́ńbà, mo máa ń mọ̀, torí nọ́ńbà àhùmọ̀ máa ń gún régé jù. Ẹni tí mo bá bá pẹ̀lú nọ́ńbà tí kò dáa ṣùgbọ́n tó jẹ́ tiẹ̀, òun ni mo máa ń yìn. Bákan náà ni Bàọ́lọ́jì, àwòrán tẹ́ ẹ máa yà níbẹ̀ kì í ṣe àwòrán ẹwà, pẹ́ńsù HB tó mú ṣáṣá, ìlà kan geere láì fà á ní àfàtúnfà, ẹ ò gbọ́dọ̀ kun inú ẹ̀, ìlà tó tọ́ka sí ẹ̀yà ara kò gbọ́dọ̀ gba orí ara wọn kọjá. Ó máa ń dà bí ìyà, àmọ́ ọmọ tó bá ti ya aáyán tán lọ́nà yẹn kò tún ní wo aáyán bó ṣe ń wò ó tẹ́lẹ̀.

Kọmáṣíà, àwọn èèyàn máa ń fojú kéré ẹ̀, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀ rárá. HOD kọmáṣíà wa nígbà yẹn, staff room kan náà la jọ ń jókòó, ọmọbìnrin kan gbé ìwé Akáúǹtì wá bá wọn lọ́jọ́ kan, ó ti ń sunkún, trial balance ẹ̀, ìwé tí apá méjì owó ti gbọ́dọ̀ bára mu, kò dọ́gba, ó ti tò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Wọn ò tiẹ̀ gba ìwé náà lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n ní ìyàtọ̀ ẹ̀ jẹ́ èló, ó ní 90 náírà ni sà. Wọ́n ní fi 9 pín in, ó ní ó jẹ́ 10, kò sí tókù. Wọ́n ní ó dáa, lọ wá nọ́ńbà tó o yí ẹsẹ ẹ̀ padà. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi padà dé tó ń fò, 540 ló kọ ní 450. Ìyàtọ̀ tó bá wá láti inú ẹsẹ nọ́ńbà tí wọ́n gbé fún ara wọn, 9 máa ń pín in láìsẹ́kù, àwọn akáúńtáǹtì mọ̀ ọ́n dáadáa. Èmi tí mo jẹ́ tíṣà Kẹ́mísìrì, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́ ọ. Ohun tí ọmọ yẹn mú kúrò níbẹ̀ ju Akáúǹtì lọ, ó mọ̀ pé àṣìṣe ní ojú ẹsẹ̀ tí èèyàn lè tọ̀ lọ, ẹkún kọ́.

Áàtì wá ńkọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ibi kíkọ́ àkọ́sórí ni. Tíṣà Yorùbá tó mọṣẹ́ máa kọ ọkọ sójú bọ́ọ̀dù, á ní kẹ́ ẹ fàmì sí i, ẹ máa rí i pé ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko, ọkọ̀ tẹ́ ẹ wọ̀ wá sí ilé ìwé àti ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń jagun, lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn, àmì ohùn ló pín wọn. Ọmọ tó bá ti mọ̀ pé àmì kékeré lè yí ọ̀rọ̀ padà tó báyẹn, kò ní ka àdéhùn ilé tàbí ìwé ilé ẹjọ́ gààràgà. Lítíréṣọ̀ ń kọ́ni láti béèrè pé ta ló ń sọ̀rọ̀, kí ló fẹ́ kí n gbà gbọ́, ibo ló ti mú ẹ̀rí wá. Nínú ayé tí wọ́n ń fi irọ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp láàárọ̀ lálẹ́ yìí, mi ò mọ ohun tó tún ṣe pàtàkì jù ú lọ.

Ohun kan wà tẹ́ ẹ̀yin ọmọ kì í rí, òun ni ohun tí dìpátímẹ́ǹtì ń ṣe nígbà tẹ́ ò sí níbẹ̀. Kí tààmù tó bẹ̀rẹ̀, HOD àtàwọn tíṣà ẹ̀ máa ń jókòó ti scheme of work, ìwé ètò ohun tí wọ́n máa kọ́ ní tààmù, wọ́n máa ń yẹ ìbéèrè ìdánwò ara wọn wò, wọ́n máa ń jọ pín máàkì, kí ọmọ SS1A má baà jìyà ohun tí SS1B ń gbádùn. Ọdún kan, àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú Físíìsì, a rò pé tíṣà ni kò mọ̀ ọ́n kọ́, ìgbà tí a pe dìpátímẹ́ǹtì Máàsì jókòó la rí i pé Físíìsì ti ń lo indices, bí 10², láti oṣù kìíní, Máàsì sì fi í sí ìparí tààmù. Wọ́n gbé e ṣíwájú, ìyẹn nìkan ni a ṣe o, àwọn ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Àwọn tíṣà Gẹ̀ẹ́sì náà bá wa dá sí ti Bàọ́lọ́jì, torí àwọn ọmọ mọ ìdáhùn ṣùgbọ́n wọn ò lè fi gbólóhùn kan tó délẹ̀ sọ ọ́, orúkọ ẹ̀yà ara gan-an wọ́n ń ṣì í kọ, WAEC kì í sì í fún ẹni tó bá ṣì í kọ ní máàkì. Torí ẹ̀ lẹ ò fi gbọ́dọ̀ rò pé tẹ́ ẹ bá ti wọ sáyẹ́ǹsì ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tàbí tẹ́ ẹ bá wọ áàtì ẹ ti sá fún ìṣirò.

Ẹ gbọ́ ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀délé Awójọbí. Ẹnjiníà ni wọ́n, àwọn ni wọ́n tún jíìpù kan ṣe tó fi ń lo gíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ síwájú àti sẹ́yìn. Ní CMS Grammar School l'Ékòó tí wọ́n ti kàwé, ẹgbẹ́ tó ń jiyàn tó sì ń ṣe lítíréṣọ̀ ni wọ́n wà, orúkọ ìnagijẹ wọn sì ni Macbeth, torí ipa tí wọ́n kó nínú eré Shakespeare tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ògiri tí ẹ̀yin ń rí láàárín áàtì àti sáyẹ́ǹsì, wọn ò jẹ́ kó dí wọn lọ́nà.

Àwọn àgbà tó ṣáájú wa náà ò gbà pé ìwé nìkan ni ilé ìwé. Tai Solarin dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́dún 1956, àwọn ọmọ ibẹ̀ ń roko bí wọ́n ṣe ń kàwé. Ní 1963, ìjọba Western Region pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Amẹ́ríkà dá Comprehensive High School sílẹ̀ ní Ayétòrò, níbi tí iṣẹ́ ọwọ́, iṣẹ́ àgbẹ̀, kọmáṣíà àti ìwé gírámà ti jọ wà lábẹ́ òrùlé kan. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 (prámárì ọdún mẹ́fà, JSS mẹ́ta, SS mẹ́ta, yunifásítì mẹ́rin) dé ní 1982 èrò náà ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo bá àpótí ẹ̀rọ iṣẹ́ ọwọ́ ní ilé ìwé kan nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìṣó ara wọn ò tíì yọ, kò síná, kò sí tíṣà tó mọ̀ ọ́n lò. Kọ́ríkúlọ́ọ̀mù tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011 mú iṣẹ́ ọwọ́ 34 wá, ó ní kí gbogbo ọmọ mú ọ̀kan, lọ́dún 2025 wọ́n dín in kù sí mẹ́fà, sólà wà níbẹ̀, aṣọ rírán wà níbẹ̀, títún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe náà wà níbẹ̀. Dìpátímẹ́ǹtì yòówù kẹ́ ẹ wà, ẹ mú un ní òótọ́ ọwọ́, ẹ má ṣe é bí ẹni tó ń sanwó orí.

Tí ilé ìwé yín ò bá ní lábù tó dáa, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ni kò ní, ẹ má jókòó kẹ́ ẹ máa retí ìjọba. Ẹ bu omi zobo tí ò ní ṣúgà sínú ife méjì, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọ̀kan, ẹ fi kán-ún sí ìkejì, ẹ wo bí ọ̀kan ṣe máa pọ́n sí i tí ìkejì á máa lọ sí àwọ̀ ewé. Indicator nìyẹn, ohun tó ń fi àwọ̀ sọ bóyá nǹkan jẹ́ ásíìdì tàbí álíkálì, nínú kíṣíìnì ìyá yín. Ẹ so òkúta mọ́ òwú, ẹ ka ìgbà 20 tó bá fì, ẹ fi aago wo bó ṣe pẹ́ tó, ẹ gé òwú yẹn kúrú, ẹ tún un kà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e lọ bá tíṣà yín, ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá ẹ̀ ń gbé, kò sí tíṣà tó máa rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí kò ní dáwọ́ ohun tó ń ṣe dúró.

Ẹ̀yin tí bàbá yín ti pinnu fún, tí wọ́n ní dókítà ni dandan, ẹ má bá wọn jà. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ lọ wo ọ̀sẹ̀ kan nínú kíláàsì SS1 méjì, HOD tó bá jẹ́ èèyàn kò ní kọ̀. Ẹ wò ó nínú ìwé JAMB pẹ̀lú wọn, ẹ wo sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tí iṣẹ́ tó wù yín ń béèrè, kó má baà jẹ́ pé ẹ máa kàwé ọdún mẹ́ta tán kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ẹ ò mú Lítíréṣọ̀ tí Lọ́ọ̀ ń wá. Tẹ́ ẹ bá sì ti wọlé tẹ́ ẹ rí i pé ibẹ̀ kọ́ ni yín, ẹ tètè sọ, láàárín tààmù àkọ́kọ́, ó ṣì rọrùn láti gbé yín nígbà yẹn.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ máa wọlé, ẹ mú pẹ́ńsù HB méjì, rọ́bà, rúlà tí etí ẹ̀ ò tíì jẹ, àti ìwé kékeré kan tí kì í ṣe ti sọ́bújẹ́ẹ̀tì kankan, èyí tẹ́ ẹ máa fi kọ ohun tó bá ṣe yín ní kàyéfì. Ẹ bá mi kí HOD yín.

Èmi ni ìyá yín, tíṣà Kẹ́mísìrì.