"Inflammable": ohun tó ń tètè gbiná ni o

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà lára ọkọ̀ agbépo àti agolo tínà tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀ dájú: "inflammable". Ọ̀pọ̀ ẹni tó kàwé dáadáa ló rò pé ohun tí iná kò lè ràn ló ń tọ́ka sí. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni. Ohun tó ń tètè gbiná ni.

"In-" iwájú rẹ̀ ló ń ṣini lọ́nà. A ti mọ̀ láti ilé ìwé pé "incorrect" ni èyí tí kò tọ̀nà, "invisible" sì ni èyí tí a kò lè fojú rí. Ṣùgbọ́n "in-" méjì ni Gẹ̀ẹ́sì jogún láti inú èdè Látìnì. Ọ̀kan ń sọ pé "kò", èkejì ń sọ pé "sínú". Èkejì yìí ló wà nínú "inhale", òun náà ló wà nínú "inflame", ìyẹn kí a ti iná bọ nǹkan. Ara "inflame" ni "inflammable" ti jáde.

Nítorí ewu tó wà níbẹ̀ ni National Fire Protection Association, àjọ tó ń rí sí ìdènà iná ní Amẹ́ríkà, fi ń rọ aráyé láti nǹkan bí àárín ọdún 1920 sí 1929 wá pé "flammable" ni kí wọ́n máa kọ. Ní 1959, British Standards Institution, àjọ tó ń gbé ìlànà ọjà kalẹ̀ ní Bìrìtìkó, náà sọ bẹ́ẹ̀. Èyí tí kì í gbiná ni "non-flammable". "Non-inflammable" kò burú ní ti gírámà, àmọ́ ta ló fẹ́ dúró máa tú u níbi tí iná ti ń jó? "Inflammatory" tún yàtọ̀: ọ̀rọ̀ tó ń dá rògbòdìyàn sílẹ̀ la sábà máa ń lò ó fún.

Ẹ wo bẹntiróòlù. Bí ó tilẹ̀ tutù dé -40°C, oru rẹ̀ ṣì lè gbiná. Oru náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rá gbà, á wọ inú gọ́tà, á sì lọ pàdé iná níbi tó jìnnà sí kẹ́ẹ̀gì. Kẹrosíìnì tí kò ní àdàlù gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bíi 38°C kí oru rẹ̀ tó pọ̀ tó èyí tí iná lè ràn. Ìdí nìyí tí bẹntiróòlù díẹ̀ tí wọ́n bá dà mọ́ kẹrosíìnì fi ń sọ àtùpà di bọ́ǹbù.

Ẹ bá wa bẹ àwọn tó ń kọ nǹkan sára táńkà: kí wọ́n pa "INFLAMMABLE" rẹ́, kí wọ́n kọ "FLAMMABLE" gàdàgbà, kí wọ́n sì lẹ àmì dáyámọ́ńdì pupa tó ní àwòrán iná àti nọ́ńbà 3 (nọ́ńbà ẹ̀ka àwọn ohun olómi tó ń tètè gbiná) mọ́ ọn.  Lábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n kọ Yorùbá tí gbogbo ọjà lè kà: "Ó Ń TÈTÈ GBINÁ, MÁ SÚN MỌ́ ỌN." Bí ìròyìn táńkà bá sì dé ọwọ́ ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa túmọ̀ "inflammable" sí ohun tó ń tètè gbiná.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn