Lẹ́tà sí Alhaja lórí orúkọ tí ọmọ yìí yóò jẹ́

Salvador, ìpínlẹ̀ Bahia,
Bàràsílì.
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Màmá mi ọ̀wọ́n, Alhaja,

Àsàlámù àlékùm. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Mo mọ̀ pé inú àbúrò mi kò ní dùn sí ọ̀rọ̀ náà, nítorí ó ti sọ fún mi lórí fóònù pé Ọlọ́hun nìkan ṣoṣo ni ẹ̀dá ń kúnlẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ìkúnlẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ sì kọ́ mi ní ìrun, n kò sì fi ìgbà kan rí ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Ara mi le, oyún ti wọ oṣù kẹjọ, bàbá ọmọ sì ní kí n kí yín.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé. Àbúrò mi ní kí a má ṣe fún ọmọ yìí ní orúkọ Yorùbá kankan, kí ẹnikẹ́ni má sì ki oríkì lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, nítorí pé àṣà àwọn kèfèrí ni. N kò fẹ́ bá a jà. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ẹ̀sìn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó sì mọ èdè Lárúbáwá jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ìlú tí mo ń gbé yìí ti fi ohun kan hàn mí tí n kò lè dákẹ́ lé lórí, ẹ̀yin ni mo sì fẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún.

Alhaja, acarajé ni wọ́n ń pe àkàrà níbí. Epo pupa ni àwọn obìnrin fi ń dín in ní ìkóríta, tàwọn ti aṣọ funfun àti gèlè funfun lórí wọn, ọjọ́ tí mo sì kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rẹ̀ ni omi bọ́ lójú mi láàárín àjèjì. Nàgó ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọ̀pọ̀ ará ìlú a wọ funfun nítorí Òrìṣàńlá, tí wọ́n ń pè ní Oxalá. Bí èmi náà bá wọ funfun lọ kírun Jímọ̀, tí mo sì fi híjáàbù borí, wọn a fi ọ̀yàyà kí mi, wọn a sì béèrè òrìṣà tó ni orí mi. Nígbà tí mo bá ní Mùsùlùmí ni mí, ẹnu a yà wọ́n, nítorí lójú tiwọn, ọmọ Nàgó tí kò sin òrìṣà ti sọ nǹkan nù. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé nílé, Yorùbá mi ni wọ́n fi ń wo ẹ̀sìn mi bí ohun tó lábùkù. Níhìn-ín, ẹ̀sìn mi ni wọ́n fi ń wo Yorùbá mi bẹ́ẹ̀.

Mọ́ṣáláṣí kékeré tí a ti ń kírun wà ní àdúgbò Nazaré. Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni gbàgede tí wọ́n ń pè ní Campo da Pólvora wà, níbi tí ibùdó ọkọ̀ ojú irin wà lónìí. Ó pẹ́ tí mo ti ń gba ibẹ̀ kọjá kí n tó mọ̀ pé ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 1835, wọ́n to ọkùnrin mẹ́rin síbẹ̀, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n, nítorí wọn kò rí ẹni tí yóò gbà láti yẹgi fún wọn. Jorge da Cruz Barbosa ni wọ́n kọ orúkọ ọ̀kan nínú wọn sínú ìwé ẹjọ́, wọ́n sì kọ Ajahi tẹ̀lé e. Alhaja, ẹ pe orúkọ yẹn sókè kí ẹ gbọ́ ọ. Àjàyí ni. Ẹnì kan gbà á lọ́wọ́ agbẹ̀bí nílẹ̀ wa, ó rí i pé ó dojú bolẹ̀ wáyé, ó sì ki í.

Ọ̀tẹ̀ àwọn Malê ni wọ́n ń pe ìjà tó gbé wọn dé ojú ìbọn. Malê náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì: Ìmàle ni, orúkọ tí àwọn kan ń tú sí ìmọ̀ líle láti fi bú wa nígbà tí mo wà ní iléèwé. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1835, nígbà tí ààwẹ̀ Ràmàdáánì ń lọ sópin, nǹkan bí 600 ènìyàn, ẹrú àti àwọn tó ti gba ara wọn sílẹ̀, jáde sí ìgboro láti jà fún òmìnira; Nàgó ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn Malê wọ aṣọ funfun tí wọ́n ń pè ní abadá, èyí tí í ṣe agbádá wa, wọ́n so tírà mọ́ra, alufá ni wọ́n sì ń pe àwọn tó kọ́ wọn ní kéwú lórí wàláà. Wọn kò borí. Ó lé ní 70 ẹni tó kú. Àwọn ìwé Lárúbáwá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn ṣì wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ìpínlẹ̀ yìí títí dòní. Abadá náà ṣì wà: aṣọ tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń jó lọ́jọ́ kánífà ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè báyìí, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wọ̀ ọ́ kò sì mọ̀ pé aṣọ onígbàgbọ́ òdodo ni nígbà kan rí.

Ọ̀kan nínú àwọn alufá náà, arúgbó, Pacífico ni olówó rẹ̀ ń pè é, Licutan sì ni àwọn ará ilẹ̀ wa mọ̀ ọ́n sí. Nígbà tí adájọ́ bi í léèrè orúkọ, ó ní Bilal ni òun. Mo máa ń ronú lé e lórí gan-an. Ọkùnrin yìí di orúkọ Mùsùlùmí mú lójú àwọn tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àjàyí sì di orúkọ ilé mú títí wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ òyìnbó. Àwọn tó kó wọn lẹ́rú kò bìkítà èwo ló jẹ́ ti ẹ̀sìn, èwo ló jẹ́ ti àṣà. Méjèèjì ni wọ́n fẹ́ pa rẹ́.

Ohun mìíràn wà nínú ìtàn náà tí ó ń dùn mí gẹ́gẹ́ bí obìnrin. Ẹnu àwọn obìnrin Nàgó ni àṣírí ọ̀tẹ̀ náà ti tú, ọ̀kan nínú wọn sì ń wá ọkọ rẹ̀ kiri lálẹ́ ọjọ́ náà ni. N kò lè dá a lẹ́bi tán. Ọ̀rọ̀ tí a kò fi lọ obìnrin, báwo ni yóò ṣe bá wa ṣọ́ ọ? Nínú ilé tiwa, ta ni ó mọ oríkì bí kò ṣe ẹ̀yin àti ìyá yín tó ṣaájú yín? Bí a bá ní kí oríkì dákẹ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ohùn àwọn ìyá ni a pa lẹ́nu mọ́.

Lẹ́yìn ogun náà, wọ́n lé ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí kúrò ní Bahia, ẹ̀sìn Ìsìláàmù àwọn Malê sì kú díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ku ẹni tó ń kírun wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó padà sílé láti Bàràsílì, àwọn tí a ń pè ní Àgùdà, gbé iṣẹ́ ọwọ́ wọn wá. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Èkó, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894, tí ẹ máa ń mú mi lọ nígbà tí mo wà ní kékeré, ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ló kọ́ ọ. Mo rí irú ojú fèrèsé rẹ̀ níbí, lára àwọn ilé àtijọ́, mo sì dúró síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ bá mi sọ fún àbúrò mi pé kí ó rántí pé Kadíjà àti Úmárù ti ń jẹ́ orúkọ wọn kí Ìsìláàmù tó dé, Ànọ́bì kò sì ní kí wọ́n pa á dà. Orúkọ tí ìtumọ̀ rẹ̀ burú ló máa ń yí padà. Bí ó bá jẹ́ orúkọ tí ń júbà òrìṣà ni, èmi náà kò ní fún ọmọ mi. Ṣùgbọ́n Àbẹ̀kẹ́ tí ẹ sọ mí, ẹni tí a bẹ̀ kí a tó kẹ́, ta ni a bẹ̀ bí kò ṣe Ọlọ́hun? Ó sì wà nínú Àlùkùránì, nínú Súúrà Rúùmù, pé ìyàtọ̀ èdè wa àti àwọ̀ wa wà lára àmì Rẹ̀.

Nítorí náà, lèmọ́mù yóò pe ìrun sí etí ọmọ náà, a ó sì fún un ní orúkọ Mùsùlùmí, bàbá rẹ̀ ti yàn án. Orúkọ kejì, ọwọ́ yín ni mo fi í sí. Mo sì bẹ̀ yín, Alhaja, lọ́jọ́ tí ara yín bá yá, kí ẹ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ẹ ki oríkì orílẹ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pàápàá apá tí mo máa ń gbàgbé, kí wọ́n gbà á sórí fóònù fún mi. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ àbúrò mi ni yóò di fóònù náà mú fún yín.

Ọmọ yín,
Rámọ́tà Àbẹ̀kẹ́.